APA, MLA, Chicago, Harvard: èwo ni kí ẹ fi tọ́ka sí ìwé nínú iṣẹ́ yín?

Ìbéèrè tí àwọn tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì ní Àkọkà, Yábàá àti Ọ̀jọ́ máa ń béèrè jù ni pé, "Èwo ló rọrùn jù?" Kò burú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni: kí ni ẹni tó máa ka iṣẹ́ yín fẹ́ tètè rí? Ṣé ọdún tí ìwé jáde ni, àbí ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ wà, àbí gbogbo ọ̀nà tí ẹ gbà dé ìdí ọ̀rọ̀ náà? Ibẹ̀ ni àwọn ìlànà yìí ti pínyà. Ọ̀rọ̀ kọ́mà àti àkámọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mẹ́rin ló wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa nílùú Èkó: APA, MLA, Chicago àti Harvard. Màá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, màá sì fi ìwé kan náà dán gbogbo wọn wò. Lẹ́yìn náà la ó wá kó àwọn ìwé olórí líle jáde, nítorí pé ìwé tí kò ní wàhálà, ìlànà yòówù ló lè gbé e.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé ìtọ́sọ́nà pírójẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀ka yín. Bí ẹ̀ka bá ti dárúkọ ìlànà kan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí sùpáfáísọ̀ tó máa fún yín ní máàkì nítorí pé Chicago wù yín. Ohun tó kù láti béèrè ni ẹ̀dà tí wọ́n ń lò. APA tó wà lóde báyìí ni ẹ̀dà keje, tó jáde ní ìparí 2019 bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2020 ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀dà kẹfà, ti 2009, ní kí a kọ ìlú tí wọ́n ti gbé ìwé jáde. Ẹ̀dà keje ní kí a yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, bí ìwé ìtọ́sọ́nà yín bá ní kí ẹ kọ "Lagos:" tàbí "Ibadan:" ṣáájú orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé ìwé jáde, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní APA, ẹ̀dà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, kó sáà rí bákan náà látòkè délẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè fò wá kọjá: OSCOLA ni tiwọn, tàbí ìlànà tí NALT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ òfin ní Nàìjíríà, gbé kalẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń lo Vancouver, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lo IEEE. Nọ́ńbà ni àwọn méjèèjì fi ń tọ́ka: ohun tí ẹ kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni 1, èyí tó tẹ̀lé e ni 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àròkọ inú jọ́nà ló máa ń kún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé kì í pọ̀ níbẹ̀, mi ò sì ní fà á gùn.

Ìwé kan, ọ̀nà mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé Kristin Mann lórí òwò ẹrú àti bí Èkó ṣe di ìlú ńlá, èyí tí Indiana University Press gbé jáde ní 2007. Ẹni tó bá ń ṣèwádìí lórí ìtàn Èkó kò ní ṣàì bá a pàdé. Ká ní ojú ìwé 45 ni ẹ ti mú ọ̀rọ̀ (nọ́ńbà yẹn, àpẹẹrẹ lásán ni).

APA, nínú iṣẹ́:
(Mann, 2007, p. 45)
Ní ìparí iṣẹ́:
Mann, K. (2007). *Slavery and the birth of an African city: Lagos, 1760–1900*. Indiana University Press.

MLA, nínú iṣẹ́:
(Mann 45)
Ní ìparí iṣẹ́:
Mann, Kristin. *Slavery and the Birth of an African City: Lagos, 1760–1900*. Indiana UP, 2007.

Chicago, ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé:
1. Kristin Mann, *Slavery and the Birth of an African City: Lagos, 1760–1900* (Indiana University Press, 2007), 45.
Ní ìparí iṣẹ́:
Mann, Kristin. *Slavery and the Birth of an African City: Lagos, 1760–1900*. Indiana University Press, 2007.

Harvard, nínú iṣẹ́:
(Mann, 2007, p. 45)
Ní ìparí iṣẹ́:
Mann, K. (2007) *Slavery and the birth of an African city: Lagos, 1760–1900*. Bloomington: Indiana University Press.

Ẹ wo ibi tí ọdún jókòó sí. APA àti Harvard gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé gan-an. MLA tì í sẹ́yìn pátápátá, kò sì jẹ́ kó fara hàn nínú iṣẹ́ rárá. Chicago kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, kí ọ̀rọ̀ yín lè máa ṣàn lókè láìsí àkámọ́ tó ń dí i lọ́nà.

Ẹ tún wo orúkọ. APA àti Harvard gé Kristin kù sí K., MLA àti Chicago sì kọ ọ́ tán. Ní òkè òkun, èyí lè má jẹ́ nǹkan kan. Níbí, ó ṣe pàtàkì. Ẹ ṣí kátálọ́ọ̀gù láíbìrì èyíkéyìí ní Èkó, kí ẹ wá Adebayo, A., ẹ ó rí i pé A. yẹn lè jẹ́ Adéọlá, Ayọ̀, Abíọ́dún tàbí Akin. Bí iṣẹ́ yín bá dá lórí àwọn òǹkọ̀wé tiwa, tí ẹ sì lómìnira láti yàn, mo rí èyí gẹ́gẹ́ bí ìdí gidi láti yan MLA tàbí Chicago.

Lẹ́tà ńlá ni ìyàtọ̀ kẹta, òun ló sì ń jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn ní máàkì. Nínú àkọlé ìwé, APA fẹ́ lẹ́tà ńlá sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, sí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé kólọ́ọ̀nù, àti sí orúkọ èèyàn tàbí ibi. Ìdí nìyẹn tí *birth* fi kéré lókè yẹn, tí *African* àti *Lagos* sì tóbi. MLA àti Chicago fẹ́ lẹ́tà ńlá sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó lórúkọ nínú àkọlé, wọ́n dá àwọn wẹ́wẹ́ bí *and*, *of* àti *the* sí, àyàfi bó bá jẹ́ àwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àkọlé.

Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti dára

Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ APA. Àròkọ olójú ìwé méje kan nínú jọ́nà wọn ní 1929 ló ṣẹ́ ẹ yọ. Níbi iṣẹ́ wọn, ìmọ̀ tuntun ń lé ti àtijọ́ kúrò, wọ́n sì fẹ́ kí òǹkàwé mọ ọjọ́ orí ẹ̀rí láìṣí ẹ̀yìn ìwé. Ẹ fi ti Èkó wò ó. Bí ẹ bá ń kọ nípa ọkọ̀ wíwọ̀ láti Ìkòròdú wọ Erékùṣù Èkó, ìwé tó jáde ní 2005 kò lè sọ bí BRT, àwọn bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tiwọn, ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé 2008 ni BRT bẹ̀rẹ̀. Bí sùpáfáísọ̀ bá rí "2005" nínú àkámọ́, á ti mọ ohun tí ìwé yẹn lè jẹ́rìí sí àti èyí tí kò lè jẹ́rìí sí. Ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni, ìmọ̀ àwùjọ, ìbánisọ̀rọ̀, ìṣòwò: APA bá gbogbo wọn mu fún ìdí kan náà.

Àléébù kan ni pé APA kò fi dandan lé ojú ìwé bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ohun tí òǹkọ̀wé sọ. Àfi bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ìdẹ̀ra yìí di ọ̀nà àtitọ́ka sí odidi ìwé tí wọn ò kà tán. Tèmi ni pé kí ẹ kọ ojú ìwé síbẹ̀. APA kò kọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì béèrè níbi ìgbèjà iṣẹ́ pé "níbo lo ti rí èyí?" máa rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni wọ́n dá MLA sílẹ̀ fún. Ewì kì í bàjẹ́ bí oṣù ti ń lọ, nítorí náà ọdún kì í ṣe ohun tí òǹkàwé ń kánjú wá. Gbólóhùn yẹn gan-an ló fẹ́ rí, ojú ìwé tó wà ló sì fẹ́. Ìdí nìyẹn tí (Mann 45) fi tó: kò sí kọ́mà, kò sí "p.", kò sí ọdún. Ẹ̀dà kẹjọ, ní 2016, yí MLA padà púpọ̀. Dípò kó máa fún ohun kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, ó tò èròjà mẹ́sàn-án tẹ̀léra, láti orí òǹkọ̀wé títí dé ibi tí ẹ ti rí nǹkan náà, ó ní kí ẹ fi èyí tí kò bá sí sílẹ̀. Ẹ̀dà kẹsàn-án, ti 2021, kò yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí: bí ìwé bá burú tó, ẹ mọ èyí tó kàn láti kọ.

Ohun tó ń dá MLA láàmú ni òǹkọ̀wé kan tó ní ìwé méjì nínú iṣẹ́ yín. Níwọ̀n bí kò ti sí ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ fi àkọlé kúkúrú kún un, bíi (Mann, *Slavery* 45). Iṣẹ́ tó dá lórí òǹkọ̀wé kan ṣoṣo tó kọ ìwé mẹ́wàá á wá kún fún irú àkámọ́ gígùn bẹ́ẹ̀.

Chicago ló dàgbà jù nínú àwọn tó ní ìwé òfin tiwọn. 1906 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, ẹ̀dà kejìdínlógún sì jáde ní 2024. Ẹ ṣọ́ra, nítorí ọ̀nà méjì ló wà lábẹ́ orúkọ kan náà: ọ̀kan ń lo fútnóòtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ìkejì ń lo òǹkọ̀wé àti ọdún nínú àkámọ́, bíi ti APA. Bí olùkọ́ ìtàn bá ní kí ẹ lo Chicago, ti fútnóòtì ló ń bá yín sọ. Bí ó bá ní Turabian, ohun kan náà ni, tí wọ́n dín kù fún akẹ́kọ̀ọ́. Kate Turabian, akọ̀wé tó ń yẹ iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní Yunifásítì Chicago, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1937.

Fún ìtàn Èkó, mi ò rí èyí tó tó fútnóòtì. Ohun tí ẹ ó tọ́ka sí kì í ṣe ìwé nìkan: lẹ́tà àwọn gómìnà, ìwé ilẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn bíi *Lagos Weekly Record* tó bẹ̀rẹ̀ ní 1891, ọ̀rọ̀ tí àgbà kan sọ fún yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ gbìyànjú láti há gbogbo ìyẹn sínú àkámọ́, kí ẹ wo bí ojú ìwé á ṣe rí. Fútnóòtì sì fún yín láyè láti sọ̀rọ̀ díẹ̀: ẹ lè sọ pé ìwé kan ta ko òmíràn lórí déètì, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ gbà gbọ́. APA kò fẹ́ irú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún wà tó máa ń dùn mí nínú APA: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí kò sí níbi tí òǹkàwé ti lè gbọ́ ọ tàbí kà á kì í wọ àkójọ ìwé ìtọ́kasí. Inú iṣẹ́ nìkan ló mọ. Bàbá tó jókòó fún yín fún wákàtí mẹ́ta kò ní sí lára orúkọ tó wà ní ìparí. MLA á gbà á wọlé.

Bí ẹ bá tún padà sí ìwé kan náà, ẹ kò ní kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní Chicago. Orúkọ bàbá òǹkọ̀wé, àkọlé kúkúrú àti ojú ìwé ti tó:

2. Mann, *Slavery and the Birth*, 52.

Àwọn olùkọ́ tó dàgbà fẹ́ràn "Ibid." (ìyẹn "ibì kan náà") níbi tí ìtọ́kasí méjì bá tẹ̀lé ara wọn. Láti ẹ̀dà kẹtàdínlógún, ti 2017, ni Chicago fúnra rẹ̀ ti fara mọ́ àkọlé kúkúrú jù ú lọ. Ìdí wà níbẹ̀: ẹ fi gbólóhùn kan pẹ̀lú fútnóòtì tuntun sí àárín ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo "Ibid." tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Harvard wá ńkọ́? Wọ́n sábà máa ń tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Edward Laurens Mark, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Harvard, tó fi òǹkọ̀wé àti ọdún sínú àkámọ́ nínú àròkọ kan ní 1881. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé òfin kan tó jẹ́ ti Harvard, kò sí ẹni tó ni ín. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan, ló ń ṣe tirẹ̀. Èyí tí mo kọ sókè yẹn ní ìlú nínú. Òmíràn kò ní ní, òmíràn á yọ àkámọ́ ọdún, òmíràn á fi kọ́mà sí ibi tí èmi fi àmì ìdánudúró sí. Bí ẹ̀ka yín bá sọ pé Harvard láìfún yín ní àpẹẹrẹ, ẹ tọrọ pírójẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní ẹnu àìpẹ́, kí ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa yàn, ẹ má yan Harvard. Kò sí ohun tó lè ṣe tí APA kò lè ṣe, APA sì ní ìwé tí ẹ lè nàka sí bí àríyànjiyàn bá dé.

Àwọn ìwé olórí líle

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ dára fún ìdánwò. Johnson kú ní 1901, ìwé rẹ̀ kò jáde títí di 1921. Ìwé àfọwọ́kọ tó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó sọnù síbẹ̀, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló sì tún un kọ láti inú àwọn ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ta wá ni òǹkọ̀wé? Samuel ni. Obadiah ni olóòtú. APA á kọ ọ́ báyìí:

Johnson, S. (1921). *The history of the Yorubas: From the earliest times to the beginning of the British protectorate* (O. Johnson, Ed.). Routledge.

MLA á fi "Edited by Obadiah Johnson" sẹ́yìn àkọlé. Ẹ ó rí i pé àwọn kan kọ Routledge, tí àwọn mìíràn kọ CMS (Nigeria) Bookshops, ilé-ìtàwé Church Missionary Society. Ẹ má kọ èyí tí ẹ rí nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tó wà lára ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ. Ó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, nítorí pé wọ́n ti tún ìwé yẹn tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà ojú ìwé sì lè yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ló tún un gbé jáde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, APA fẹ́ ọdún méjèèjì, kí ilà dídà kan wà láàárín wọn, ti àkọ́kọ́ ní iwájú. Ó gba òǹkàwé lọ́wọ́ èrò pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún wa yìí ni Johnson.

Èkejì ni ìwé tí wọ́n túmọ̀. *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fagunwa kọ jáde ní 1938, ìtumọ̀ rẹ̀ tí Wole Soyinka ṣe sì jáde ní 1968. Bí ẹ bá ka ìtumọ̀, ìtumọ̀ lẹ máa tọ́ka sí, Fágúnwà náà ni yóò sì wà níwájú:

APA: Fagunwa, D. O. (1968). *The forest of a thousand daemons: A hunter's saga* (W. Soyinka, Trans.). Nelson. (Original work published 1938)
MLA: Fagunwa, D. O. *The Forest of a Thousand Daemons: A Hunter's Saga*. Translated by Wole Soyinka, Nelson, 1968.

Nínú iṣẹ́, APA á kọ (Fagunwa, 1938/1968). Ibi yìí ni APA ti borí MLA lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lítíréṣọ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún tó wà láàárín ìwé àti ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tó wà ní Yorùbá lẹ kà, àkọlé Yorùbá ni kí ẹ kọ. APA á tún fẹ́ kí ẹ fi ìtumọ̀ àkọlé náà sínú àkámọ́ onígun lẹ́yìn rẹ̀ bí èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń kọ iṣẹ́ yín.

Ẹ̀kẹta ni ìwé tí èèyàn púpọ̀ pawọ́ pọ̀ kọ, tí olóòtú kan kó jọ. Àṣìṣe tó wà níbí kì í ṣe ti kọ́mà. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka orí kan, á sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún olóòtú tó wà lára èèpo ìwé. Ẹni tó kọ orí yẹn gan-an ni kó ṣáájú:

APA: Òǹkọ̀wé, A. (Ọdún). Àkọlé orí. In O. Olóòtú (Ed.), *Àkọlé ìwé* (pp. 10–32). Ilé-iṣẹ́.
MLA: Òǹkọ̀wé, Ayọ̀. "Àkọlé Orí." *Àkọlé Ìwé*, edited by Ọlá Olóòtú, Ilé-iṣẹ́, Ọdún, pp. 10–32.

Ìkẹrin, èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ: ìwé tí ẹ kò rí sójú rí. Ẹ ka ọ̀rọ̀ Johnson nínú ìwé Mann, ẹ wá kọ Johnson sínú àkójọ bí ẹni pé ẹ ti kà á. Gbogbo ìlànà yìí ló pèsè ọ̀nà òtítọ́ sílẹ̀. APA ní kí ẹ kọ orúkọ Johnson kí ẹ fi "as cited in" kún un, ìwé Mann nìkan ni yóò wà ní ìparí. MLA ń lo "qtd. in". Chicago fẹ́ kí fútnóòtì dárúkọ àwọn méjèèjì. Ó sàn kí ẹ lọ wá ìwé náà ṣá, bó bá wà ní ìtòsí.

Ojú ewé àkọlé, kì í ṣe èèpo

Kò sí ìlànà tó máa gbà yín bí ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ kò bá tọ́. Inú ìwé, ní ojú ewé àkọlé àti ẹ̀yìn rẹ̀, ni òtítọ́ wà. Èèpo máa ń gé àkọlé kékeré kúrò. Ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé ni ọdún àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé ìwé jáde wà. Fún ìwé Èkó, ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí pé orúkọ pírìntà Ṣómólú tó tẹ ìwé máa ń wà níbẹ̀, nígbà mìíràn á tóbi ju ti ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde lọ. Pírìntà kì í wọ ìtọ́kasí. Bí òǹkọ̀wé bá fi owó ara rẹ̀ gbé ìwé jáde, APA kò fẹ́ kí ẹ tún orúkọ rẹ̀ kọ níbi ilé-iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá sí ọdún rárá, APA àti Chicago á kọ "n.d.", MLA á kàn fò ó.

"Ìtẹ̀jáde kẹrin" tí wọ́n kàn tún tẹ̀ láìyí ohunkóhun padà kì í ṣe ẹ̀dà kẹrin. Ẹ̀dà tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe nìkan ni ìtọ́kasí ń dárúkọ. ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, kì í wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ara yín, á wúlò láìpẹ́.

Oyè àti orúkọ

Etí Yorùbá kì í fẹ́ gbọ́ "Johnson sọ pé" fún àlùfáà tó lè bí bàbá bàbá ẹni. Ìlànà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò mọ èyí. Olóyè, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Dókítà, Alhaji, Àlùfáà: gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kódà bí ó bá jẹ́ sùpáfáísọ̀ yín ló kọ ìwé náà. Inú gbólóhùn yín ni ẹ ti lè bu ọlá fún ẹni tó bá tọ́ sí, bí ẹ bá ń fi Yorùbá kọ iṣẹ́ náà: "wọ́n" kò tako APA.

Orúkọ alápapọ̀ náà ń fẹ́ ìpinnu. Ẹ ó rí onítàn kan náà ní Ajayi, J. F. A. níbì kan, ní Ade Ajayi, J. F. níbòmíràn. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má sì yà kúrò lórí rẹ̀. Lórí àmì ohùn, bí ojú ewé àkọlé bá ní in, ẹ kọ ọ́. Bí kò bá ní in, ẹ má bá òǹkọ̀wé fi sí i. Bí ẹni méjì bá ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà nínú àkójọ yín, APA ní kí ẹ fi lẹ́tà orúkọ àkọ́kọ́ kún un nínú iṣẹ́, kí S. Johnson má bàa di Johnson mìíràn. Ní Èkó tí Williams àti Johnson pọ̀ sí yìí, ẹ ó lò ó.

Bí ẹ̀yin lẹ bá ni àṣàyàn

Mo ti sọ ibi tí mo fì sí. Ìwádìí nípa ohun tó ń lọ lọ́wọ́, bí ọjà, ilé-ìwé, ìlera tàbí ọkọ̀: APA. Ìwé ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe: MLA, àfi bí ó bá dá lórí ìtumọ̀ tàbí ìyípadà láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà, mo lè yan APA. Ìtàn, ẹbí, ilẹ̀, ẹ̀sìn, ohunkóhun tó gba yín wọ inú ìwé àtijọ́: Chicago onífútnóòtì, ó sì tọ́ sí làálàá rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú àṣàyàn ni àmúlùmálà, APA nínú iṣẹ́, MLA ní ìparí, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ fún yín ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ "tún un ṣe".

Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ru ẹrù tó wúwo. Ọ̀fẹ́ ni Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtọ́kasí. Ẹ tẹ ISBN sínú rẹ̀, yóò lọ kó ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìwé wá, ó sì lè yí gbogbo iṣẹ́ láti APA sí Chicago lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 2007 ni ISBN ti di nọ́ńbà mẹ́tàlá. Ti ìwé Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, ọ̀pọ̀ irú wọn ni Zotero kò sì ní rí, ẹ ó fọwọ́ kọ ọ́ ni. Ẹ má ní kí ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bíi ChatGPT to àkójọ ìwé fún yín. Ó lè ṣẹ̀dá ìwé tí kò sí láyé, kó fún un ní òǹkọ̀wé tó wà àti ọdún tó dà bí òtítọ́.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣe nínú Zotero kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ àkọlé ìwé Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú lẹ́tà ńlá díẹ̀, bí APA ṣe ń ṣe é, nítorí pé ó lè sọ kékeré di ńlá fún MLA àti Chicago, ṣùgbọ́n kò lè mọ èyí tó yẹ kó sọ di kékeré padà. Fún ìwé Yorùbá, ẹ kọ "yo" sí ibi tó ti béèrè èdè. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò mú àkọlé Yorùbá bí Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì fi lẹ́tà ńlá sí "nínú" àti "tí" fún yín jákèjádò àkójọ.